Géèmù tí kò gbà láti wọlé láti inú ẹ̀dà CD: àkọsílẹ̀ àtúnṣe

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀: fífi géèmù méjì tí a ra CD wọn láyé ìgbà tí CD ṣì gbòde sórí láptọ́ọ̀pù Windows 10 oní-64-bit tí kò ní ojú CD rárá. Èkíní ni Quake, tí id Software gbé jáde lọ́dún 1996, CD kan. Èkejì ni Diablo II ti Blizzard, ọdún 2000, CD mẹ́ta: Install Disc, Play Disc àti Cinematics Disc. A fi ìṣòro tó máa ń bá àwọn géèmù Windows 95 kún un, nítorí pé ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ń kọsẹ̀.

Bí setup, ìyẹn ètò tó ń fi géèmù sórí kọ̀ǹpútà, bá kọ̀, òun la kọ́kọ́ máa ń bú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìpele mẹ́rin ló wà láàárín CD àti eré: fáìlì ẹ̀dà fúnra rẹ̀, máòǹtì (kí kọ̀ǹpútà lè ka fáìlì ẹ̀dà bíi pé CD gidi wà nínú dráìfù), setup, àti géèmù tó tún ń wá CD rẹ̀ lẹ́yìn tó ti wọlé tán. Ẹni tó ń yí compatibility mode (ètò tó ń jẹ́ kí Windows ṣe bíi Windows àtijọ́) síwá sẹ́yìn nígbà tó jẹ́ pé fáìlì ni kò pé, orí ló ń fọ́ ọ, ẹsẹ̀ ló ń fi oògùn pa. Nítorí náà, bí a ṣe to àwọn ìpele yìí ni kí ẹ ṣe tẹ̀ lé e. Ẹ má fo ọ̀kan.

Irinṣẹ́ àti owó

Sọ́fítíwíà tí a lò kò gba kọ́bọ̀: ImgBurn láti fa CD sórí kọ̀ǹpútà, WinCDEmu láti máòǹtì ohun tí Windows kò mọ̀, 7-Zip láti yẹ inú fáìlì wò, DOSBox, tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà DOS àtijọ́, fún Quake. Ohun kan ṣoṣo tó gba owó ni dráìfù DVD tí wọ́n ń fi wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ lè yá a lọ́wọ́ ẹni tó ní in, torí tí ẹ bá ti fa CD tán, ẹ ò tún nílò rẹ̀ mọ́.

Ní ti àyè, CD oníṣẹ́jú 80 tó kún dẹ́nu ní sẹ́kítọ̀ (ìpín kéékèèké tí wọ́n pín CD sí) 360,000. Irú fáìlì ẹ̀dà méjì ni ISO àti BIN; ìyàtọ̀ wọn ń bọ̀ ní ìpele 1. Ní ISO, ìyẹn jẹ́ báìtì 737,280,000. Ní BIN, báìtì 846,720,000. CD mẹ́ta Diablo II kò lè ju nǹkan bíi GB 2.2 lọ bí wọ́n bá jẹ́ ISO. Ẹ ya GB 6 sọ́tọ̀, kí ẹ̀dà àti géèmù tó ti wọlé lè jọ gbà níbẹ̀.

Fódà iṣẹ́ ni C:\Ere. Kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, kò sí àlàfo nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ ní ìpele 4.

1. Fífa CD sórí kọ̀ǹpútà

Kí ẹ tó fa CD kankan, ẹ wádìí bóyá orin wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ géèmù àwọn ọdún 1990 ló kó orin sórí CD gẹ́gẹ́ bí àwọn olórin ṣe ń kó tiwọn: track 1, ìyẹn ìpín àkọ́kọ́ lórí CD, ni dátà, track 2 lọ sókè ni orin. Quake wà lára wọn. Orin tí Trent Reznor àti Nine Inch Nails ṣe fún un wà ní track 2 sí 11. ISO kò lè gbé orin yẹn. Track dátà kan péré ni ISO ń gbé, báìtì 2048 láti inú sẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan. BIN ní tirẹ̀ ń kó gbogbo báìtì 2352 tó wà nínú sẹ́kítọ̀, CUE tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì máa sọ ibi tí track kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀.

ImgBurn mọ ìyàtọ̀ yìí fúnra rẹ̀. Ẹ yan "Create image file from disc", kí ẹ darí rẹ̀ sí C:\Ere. Bí orin bá wà lórí CD, BIN àti CUE ni yóò ṣe. Bí kò bá sí, ISO. Bí CD bá ti ní ìhanra, ẹ dín ìyára kíkà kù sí 8x tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nù ún, láti àárín lọ sí etí ní ìlà tààrà. Ẹ má nù ún ní òbìrí. Bí ọ̀rọ̀ "cyclic redundancy check" bá jáde, dráìfù náà kò rí ibì kan kà nìyẹn. Ẹ nù ún, kí ẹ tún un fà, tàbí kí ẹ gbìyànjú dráìfù mìíràn. Ẹ má tẹ "Ignore" kí ẹ sì retí pé géèmù máa wọlé.

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, ẹ so ó mọ́ UPS tàbí ínfẹ́tà. Bí iná bá lọ ní agbedeméjì, fáìlì tí kò pé ló máa kù sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ á sì rí bí ti fáìlì tó pé. Ibẹ̀ ni wàhálà ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ láìmọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n máa ń júwe fún ara wọn tí kò ṣiṣẹ́: kí wọ́n yí orúkọ fáìlì .bin padà sí .iso. Orúkọ ló yí padà, inú kò yí. Windows máa ń wá àmì CD001 ní báìtì 32,769, bí a bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo. Nínú BIN oní-2352, báìtì 37,649 ló wà. Windows ò ní bá a níbi tó ń wá a, yóò sì sọ pé fáìlì ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ fáìlì yẹn lè má ní àrùn kankan.

2. Ìdánwò fáìlì kí ẹ tó máòǹtì

Ẹ ṣí PowerShell, ojú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí nínú Windows, kí ẹ pín ìwọ̀n fáìlì, kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù:

(Get-Item C:\Ere\quake.bin).Length % 2352
(Get-Item C:\Ere\d2-1.iso).Length % 2048

Òdo ni ìdáhùn tó yẹ. Nọ́ńbà mìíràn túmọ̀ sí pé fáìlì náà kò pé, ẹ padà sí ìpele 1. Ẹ rántí pé òdo kò fi hàn pé inú rẹ̀ pé pérépéré. Ó kàn fi hàn pé ìdí rẹ̀ kò gé ni. Ohun tó dá wa lójú jù ni pé ká fa CD kan náà lẹ́ẹ̀mejì sí orúkọ méjì, ká sì fi èyí wé èyí:

Get-FileHash C:\Ere\d2-1.iso -Algorithm SHA1
Get-FileHash C:\Ere\d2-1b.iso -Algorithm SHA1

Bí ìlà lẹ́tà àti nọ́ńbà méjèèjì bá bára mu, kíkà náà dúró ṣinṣin, ẹ pa ẹ̀dà kejì rẹ́. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn ti bàjẹ́.

Àwọn kan máa ń fi bọ́tìnnì Test inú 7-Zip dán ISO wò, wọ́n á rí "Everything is Ok", ọkàn wọn á balẹ̀. Ìyẹn kò tó. ISO kò gbé nǹkan kan tí wọ́n lè fi mọ̀ bóyá báìtì kan ti yí padà. BIN ló ní i: nínú sẹ́kítọ̀ dátà kọ̀ọ̀kan, báìtì 4 wà fún ìṣàyẹ̀wò, 276 wà fún àtúnṣe. Ìdí nìyí tí a fi ń tọ́jú BIN pàápàá fún CD tí kò ní orin, bí àyè bá wà.

3. Máòǹtì

Láti Windows 8 ni Windows ti ń máòǹtì ISO fúnra rẹ̀: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, dráìfù tuntun á yọ. Windows 7 kò lè ṣe é. Kò sì sí Windows kankan tó ń máòǹtì BIN/CUE, MDF/MDS, NRG tàbí CCD (irú fáìlì ẹ̀dà mìíràn) láìsí ìrànlọ́wọ́. WinCDEmu la fi ń ṣí ìwọ̀nyí. Fáìlì kékeré ni kí ẹ tẹ̀, ìyẹn .cue tàbí .mds, kì í ṣe .bin tàbí .mdf.

Bí títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bá ṣí WinRAR tàbí 7-Zip dípò dráìfù, àwọn yẹn ti gba .iso mọ́ Windows lọ́wọ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì, Open with, kí ẹ yan Windows Explorer. Ẹ má sọ pé ẹ kàn máa fi WinRAR tú u sílẹ̀. Àwọn DVD kan ní UDF, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí dísìkì. Irinṣẹ́ tí kò mọ UDF yóò tú fáìlì README kan ṣoṣo jáde, tó ń sọ pé dísìkì náà nílò UDF, gbogbo géèmù yòókù á sì wà nínú ISO níbẹ̀ láìfara hàn.

Ohun mìíràn ni "Sorry, there was a problem mounting the file", tàbí èyí tó ń sọ pé kí fáìlì wà lórí NTFS (ètò tí Windows fi ń to fáìlì sórí dísìkì), kó má sì wà nínú fódà tí wọ́n fún pọ̀. Bí ìpele 2 bá ti fún yín ní òdo, ẹ má tíì bú fáìlì. Ẹ wo mẹ́ta yìí:

Èkíní, ibo ni fáìlì wà? Bó bá wà lórí flash tàbí káàdì, ẹ gbé e wá sí C:\Ere. Flash oní-FAT32 kì í gba fáìlì tó ju báìtì 4,294,967,295 lọ, nítorí náà DVD tó kún, GB 4.7, kò lè wọ̀ ọ́ rárá.

Èkejì, ṣé Windows ti fún un pọ̀? Ọfà méjì aláwọ̀ búlúù máa ń wà lórí àmì rẹ̀.

compact /u C:\Ere\d2-1.iso

Ẹ̀kẹta kì í hàn sójú. Sọ́fítíwíà kan tó ń dáńlóòdù tàbí tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì máa ń fi àmì "sparse" sí fáìlì lára. Windows kì í máòǹtì irú ISO bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ pé.

fsutil sparse queryflag C:\Ere\d2-1.iso
fsutil sparse setflag C:\Ere\d2-1.iso 0

Ìlà kejì ló ń yọ àmì náà kúrò. Bí ó bá kọ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sí orúkọ mìíràn nínú Explorer, kí ẹ sì máòǹtì ẹ̀dà yẹn.

Fún BIN/CUE, ojú tó máa ń dà á ni inú CUE. Ẹ fi Notepad ṣí i. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yẹ kó rí báyìí:

FILE "quake.bin" BINARY
  TRACK 01 MODE1/2352
    INDEX 01 00:00:00

Orúkọ tó wà láàárín àmì àyọlò gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ BIN gan-an. Bí ẹ bá ti yí orúkọ BIN padà lẹ́yìn tí ẹ fà á tán, CUE kò mọ̀. Orúkọ àtijọ́ ni yóò máa pè. Bó bá sì jẹ́ ọ̀nà fódà gígùn ló wà níbẹ̀, bíi D:\Games\Old\quake.bin, ẹ pa ọ̀nà náà rẹ́, kí ẹ fi orúkọ fáìlì nìkan sílẹ̀, kí fáìlì méjèèjì jọ wà nínú fódà kan. Lórí Linux, QUAKE.BIN àti quake.bin kì í ṣe ọ̀kan náà.

4. Setup kò bẹ̀rẹ̀, tàbí ó bẹ̀rẹ̀ ó kú

Dráìfù ti yọ, ká ní E: ni. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀, ẹ fi Notepad ṣí E:\autorun.inf. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú open= ló ń sọ ohun tí CD fẹ́ kẹ́ ẹ ṣí. Ojú ewé aláwòrán lásán ló sábà máa ń jẹ́, òun ló sì ń kú. Ẹ wá setup.exe gan-an nínú fódà inú CD, kí ẹ ṣí i tààrà.

Orúkọ tí ẹ fi ń wọ Windows

Èyí kan àwa tó ń kọ orúkọ wa bó ṣe yẹ, a ò sì rí ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa fún ọmọ Yorùbá. Setup àtijọ́ máa ń tú fáìlì rẹ̀ sínú fódà TEMP, fódà yẹn sì wà lábẹ́ orúkọ yín: C:\Users\Ṣọlá\AppData\Local\Temp. Àwọn setup ayé Windows 95 àti 98 kò mọ Unicode, ìyẹn àtẹ tó ní lẹ́tà gbogbo èdè; àtẹ lẹ́tà kan tí wọ́n ń pè ní 1252 ni wọ́n fi ń kàwé lórí Windows tí èdè rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àtẹ yẹn ní á, à, é, è, ó, ò. Kò ní ẹ, ọ, ṣ. Orúkọ bíi Adé á kọjá. Ṣọlá ò ní kọjá. Lẹ́tà tí kò mọ̀, setup á sọ ọ́ di àmì ìbéèrè, Windows kò sì gba àmì ìbéèrè láàyè nínú ọ̀nà fódà. Setup á sọ pé òun kò lè ṣẹ̀dá fáìlì, tàbí kó kàn parẹ́ lójú kọ̀ǹpútà láìsọ nǹkan kan.

Ẹ má torí èyí ba orúkọ yín jẹ́, ẹ má sì lọ dá àkáǹtì tuntun sílẹ̀. Ẹ fún setup ní TEMP mìíràn. Ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú "Run as administrator" ná, nítorí pé bó bá jẹ́ setup ló béèrè àṣẹ lẹ́yìn tí ẹ ti kọ àwọn ìlà yìí, TEMP àtijọ́ ni yóò padà lò. Lẹ́yìn náà:

mkdir C:\T
set TEMP=C:\T
set TMP=C:\T
E:\setup.exe

Bí setup bá béèrè ibi tí kó fi géèmù sí, C:\Ere\d2 ni kí ẹ kọ, ẹ má jẹ́ kó lọ sínú Program Files. Géèmù àtijọ́ fẹ́ máa kọ save rẹ̀ (àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ bá eré dé) sínú fódà ara rẹ̀, Windows kì í sì í jẹ́ kó kọ ọ́ sínú Program Files. Yóò jí i gbé lọ sí AppData\Local\VirtualStore, ẹ ó sì máa wá save tí kò sọnù. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà tí setup kò mọ̀, tí a sọ lókè, ló jẹ́ ká kọ C:\Ere láìfi àmì kankan sí i.

"Àyè kò tó"

GB tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló ṣófo, setup ń sọ pé àyè kò tó fún MB 400. Nọ́ńbà ló ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Setup ayé ìgbà náà ń fi bit 32 ka àyè, nítorí náà gbogbo ìlọ́po GB 4 á já sọnù, ohun tó ṣẹ́ kù nìkan ni yóò rí. Bí GB 120.3 bá ṣófo, 0.3 ló máa rí, nǹkan bíi MB 300. Bí ohun tó ṣẹ́ kù bá wà láàárín GB 2 sí 4, setup mìíràn á kà á sí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo. Nítorí náà, ẹ ṣe é kí ohun tó ṣẹ́ kù wà láàárín GB 1 sí 2. Ọ̀nà tó yá ni kí ẹ gbé fáìlì ńlá kan wá tàbí kí ẹ gbé e kúrò, kí 120.3 lè di 121.5, kí ẹ tún setup ṣí. Èyí tó dájú jù ni kí ẹ ṣí diskmgmt.msc, Action, Create VHD (fáìlì tó ń ṣe bíi dráìfù), MB 1900, Fixed size, kí ẹ fún un ní lẹ́tà G:, kí ẹ fi géèmù síbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé tí kọ̀ǹpútà bá kú tó tún tàn, ẹ ó ní láti tẹ fáìlì VHD náà lẹ́ẹ̀mejì kí G: tó padà.

"This app can't run on your PC"

Setup náà jẹ́ 16-bit. Géèmù fúnra rẹ̀ lè jẹ́ 32-bit tó máa ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti wà láti ayé Windows 3.1. Windows oní-64-bit kì í ṣí 16-bit. Ó ní setup 16-bit díẹ̀ tó dá mọ̀, bíi InstallShield 5, tó sì máa ń fi 32-bit tirẹ̀ rọ́pò wọn lábẹ́lẹ̀; ìdí nìyẹn tí CD kan fi ń wọlé tí èkejì rẹ̀ ọdún kan náà ò wọlé. Compatibility mode kò wo èyí sàn. Ohun tó ń wò ó sàn ni winevdm, tó ń jẹ́ kí Windows 64-bit ṣí fáìlì 16-bit, tàbí kí ẹ fi Windows 10 oní-32-bit sínú VirtualBox (sọ́fítíwíà tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà yín), kí ẹ so ISO mọ́ ọn níbẹ̀, kí géèmù wọlé, kí ẹ sì kó fódà rẹ̀ jáde. Ẹ má wá Windows 11 oní-32-bit, kò sí.

Setup dúró ní ojú kan náà nígbà gbogbo

Ká ní ó ń kú lórí data2.cab. Ẹ fi ọwọ́ gbé data2.cab láti E: sí C:\T nínú Explorer. Bí gbígbé yẹn bá kọ̀, ẹ̀dà ti bàjẹ́, ìpele 1. Bí ó bá gbà, ẹ kó gbogbo ohun tó wà lórí E: sínú C:\T\cd1, kí ẹ ṣí setup láti ibẹ̀. Èyí máa ń gba ọ̀pọ̀ géèmù là, àyàfi èyí tó ń wo orúkọ tí wọ́n kọ sára CD, torí fódà kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

5. CD mẹ́ta Diablo II

Setup béèrè Play Disc. A tẹ d2-2.iso lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ bí F:, setup ṣì ń béèrè Play Disc. Kò sí ohun tó bàjẹ́. E: ni setup ti bẹ̀rẹ̀, E: nìkan ló sì ń wò.

Ìtò tó ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ pa gbogbo window tó ń fi inú E: hàn. Ẹ fi window tó ń béèrè CD sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má tẹ OK. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí E:, Eject. Ẹ wá máòǹtì CD kejì; E: tó ṣófo ni yóò gbà. Ìgbà yìí ni kí ẹ tẹ OK. Bẹ́ẹ̀ náà fún Cinematics Disc. Ẹ má ki flash tàbí fóònù bọ USB láàárín Eject àti máòǹtì, torí ó lè gba E: mọ́ yín lọ́wọ́, CD kejì á sì lọ sí F: padà.

Ẹni tí kò fẹ́ kí lẹ́tà máa rìn kó fi WinCDEmu máòǹtì: ó ń jẹ́ kéèyàn yan lẹ́tà. Ẹ yan R: fún CD kìíní, R: náà fún ìyókù.

6. Quake àti orin rẹ̀

Fún Quake, a kò fi Windows tàbí WinCDEmu máòǹtì rárá. WinCDEmu á ṣí dátà inú CUE, àmọ́ kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé fún orin. DOSBox máa ń ka CUE fúnra rẹ̀, tòun ti orin. Ẹ dá fódà C:\Ere\quakec sílẹ̀, kí ẹ sì kọ èyí sí abẹ́ [autoexec] nínú dosbox.conf:

mount c C:\Ere\quakec
imgmount d C:\Ere\quake.cue -t iso
d:
dir

Bí dir bá ti fi fáìlì inú CD hàn, máòǹtì ti dé. Ẹ ṣí installer tí ẹ bá rí níbẹ̀, kí ẹ fi géèmù sí C:\QUAKE. Bí ó bá tán, ẹ wo fódà id1: pak0.pak yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi báìtì mílíọ̀nù 18.7, pak1.pak nǹkan bíi báìtì mílíọ̀nù 34.3. Bí pak1.pak kò bá sí, apá àkọ́kọ́ géèmù nìkan lẹ ó rí ṣe. Ẹ fi cycles sí max nínú dosbox.conf, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ géèmù á máa wọ́ ẹsẹ̀.

Láti dán orin wò, ẹ má dúró de ìgbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí console (ojú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí) inú Quake, kí ẹ kọ:

cd info
cd play 4

Bí kò bá rí CD, cue ni ẹ tún wò. Bó bá rí i tí ohùn kò jáde, ẹ kọ bgmvolume 1 níbẹ̀, tàbí kí ẹ jáde sí DOSBox kí ẹ kọ mixer cdaudio 80:80. Bó bá jẹ́ ariwo bí òjò lórí páànù ló ń jáde dípò orin, báìtì orin ti yí ẹ̀yìn síwájú. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí BIN tí wọ́n fi cdrdao fà lórí Linux. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú:

bchunk -s -w quake.bin quake.cue quake

Yóò fún yín ní quake01.iso fún dátà, àti quake02.wav títí dé quake11.wav. Ẹni tó bá fẹ́ fi QuakeSpasm, ètò tó ń ṣí Quake lórí kọ̀ǹpútà òde òní, ṣeré dípò DOSBox lè sọ WAV wọ̀nyí di OGG, kó pè wọ́n ní track02.ogg sí track11.ogg, kó sì kó wọn sínú id1/music pẹ̀lú pak méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fódà náà. Ìmọ̀ràn wa fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tuntun: ọ̀nà yìí ló dán jù lójú, orin rẹ̀ kì í sì í já.

7. Ó wọlé, àmọ́ ó ń béèrè CD

Bí géèmù bá kàn ń wá CD lójú dráìfù, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà náà wà ní máòǹtì. Ohun tí Windows bá máòǹtì kì í padà wá tí kọ̀ǹpútà bá kú tó tún tàn, ìdí nìyẹn tí géèmù tó ṣiṣẹ́ lánàá fi ń béèrè CD lónìí. WinCDEmu ní "Keep drive after restart". Ẹ fi àmì sí i.

Fún Diablo II, Blizzard ti tú okùn yìí fúnra wọn. Láti patch (fáìlì àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ géèmù ń gbé jáde) 1.12, ọdún 2008, géèmù kò béèrè Play Disc mọ́, bí ẹ bá ti kó àwọn fáìlì .mpq inú CD sínú fódà géèmù. StarCraft gba irú rẹ̀ ní patch 1.15.2, ọdún 2008 kan náà: ẹ gbé INSTALL.EXE láti inú CD, kí ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà sí StarCraft.mpq nínú fódà géèmù. Ẹ máa kọ́kọ́ wá patch ìkẹyìn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù gbé jáde, kí ẹ tó wá nǹkan mìíràn.

Bí ẹ bá rí SECDRV.SYS tàbí 00000001.TMP lórí CD, SafeDisc, àgádágodo tí kì í jẹ́ kí wọ́n da CD kọ, ni wọ́n fi tì í. Ibí yìí ni kí ẹ dúró. Windows 10 àti 11 kò ní dráífà rẹ̀, Microsoft sì ti pa á lórí Windows Vista, 7, 8 àti 8.1 pẹ̀lú KB3086255 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, nítorí àlàfo ààbò. Kò sí ISO tó máa wo èyí sàn, bó ti wù kó dára tó, torí ohun tí SafeDisc ń wá wà lára CD gan-an níbi tí ISO kò lè dé. A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó dá dráífà yẹn padà tàbí kó lọ kó crack (ètò tí wọ́n fi ń já àgádágodo géèmù) lórí íntánẹ́ẹ̀tì; fáírọ́ọ̀sì ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ wò ó bóyá GOG, ilé ìtajà géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń ta géèmù náà. Ẹ̀dà tí wọ́n ń tà kì í béèrè CD.

Bó bá jẹ́ pé ó ń sọ pé d3dx9_30.dll tàbí èyíkéyìí nínú ẹbí rẹ̀ kò sí, CD kọ́ ló ń béèrè. Ẹ fi DirectX End-User Runtimes ti June 2010 sí i láti ọ̀dọ̀ Microsoft. Ẹ má dáńlóòdù DLL kan ṣoṣo níbikíbi. Bí ó bá sọ̀rọ̀ DirectPlay, ẹ tàn án nínú Windows Features, lábẹ́ Legacy Components.

Àwọn tó ń lo Linux

Fún ISO:

sudo mkdir -p /mnt/cd
sudo mount -t iso9660 -o loop,ro,unhide /home/ere/d2-1.iso /mnt/cd

Ẹ má yọ -t iso9660 àti unhide kúrò. Àwọn CD kan jẹ́ ti Mac àti Windows pọ̀, wọ́n sì fi fáìlì Windows pamọ́. Nínú winecfg (ojú ìtò Wine, sọ́fítíwíà tó ń ṣí ètò Windows lórí Linux), ẹ lọ sí Drives, ẹ fi D: sí /mnt/cd, kí irú rẹ̀ sì jẹ́ CD-ROM. Ẹ má cd wọ inú /mnt/cd kí ẹ tó ṣí setup, nítorí bí ó bá béèrè CD kejì, umount á sọ "target is busy". Ẹ dúró sí fódà ilé yín, kí ẹ kọ:

wine start /unix /mnt/cd/setup.exe

Bó bá ṣì ń sọ pé ọwọ́ ẹnìkan wà níbẹ̀, fuser -mv /mnt/cd á dárúkọ onítọ̀hún. Fún BIN/CUE olórin, cdemu load 0 quake.cue.

Ohun tí a tọ́jú

Nínú fódà géèmù kọ̀ọ̀kan: ISO, tàbí BIN pẹ̀lú CUE rẹ̀, fáìlì patch ìkẹyìn, ìlà SHA1 láti ìpele 2 nínú fáìlì .txt, àti CD key, ìyẹn àmì àṣẹ géèmù. Ti Diablo II jẹ́ àmì 16, ẹ̀yìn páálí CD ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, kò sì sí nínú ISO rárá. Ẹ kọ ọ́ sínú .txt kan náà kí páálí tó sọnù.